Ẹni Tó Ń Wọn Yìnyín

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Marjukka fi jókòó sídìí fèrèsé kan náà
nílùú Oulu, níbi tí oòrùn ìgbà òtútù
kì í ju kó yọjú, kó kí ni, kó tún padà lọ sùn.
Tábìlì tèmi kọjú sí tirẹ̀.
Mo mọ ife kọfí rẹ̀ tó ti kán létí,
mo mọ bó ṣe máa ń mí kanlẹ̀
bí kóòdù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀,
àmọ́ ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ṣẹ́gun.
Ọ̀gá ní kó jókòó. Ó ní òun ti jókòó tó.

Iṣẹ́ wo ló ń lọ ṣe?
Òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tuure,
yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
owó tí yóò tó wọn jẹ fóṣù mẹ́jọ,
àti ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
tí yóò máa sọ fún apẹja bí yìnyín orí odò ṣe nípọn tó.
Àwa tó kù wo ara wa lójú.
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bóyá èmi ni.

Apẹja ni Oiva, bàbá rẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún.
Láti kékeré ló ti kọ́ ọ:
má sáré lórí omi tó dì, má sì dúró lójú kan.
Rìn díẹ̀, lu ihò, ki rúlà bọ̀ ọ́,
kà á, kó o tó gbé ẹsẹ̀ kejì.
À ń wọ̀n ọ́n, nítorí ẹ̀mí wọ́n.
Ẹni tó ní òun ò ní tẹ yìnyín láé,
etí odò ni yóò ti máa ra ẹja ẹlẹ́ja.

Kí n má parọ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́ẹ̀ gbé e mì.
Ó ń sùn lórí àpótí ẹ̀rọ,
ó ń jẹ búrẹ́dì dúdú lórí ìdúró,
òru di ọ̀sán, ọ̀sán náà ò kúkú mọ́lẹ̀.
Eeli, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje,
ya àwòrán ẹbí níléèwé:
bàbá àgbà, ajá, òun fúnra rẹ̀,
àti kọ̀ǹpútà kan tó wọ bàtà ìyá rẹ̀.
Tísà fi ránṣẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í.

Marjukka gbé àwòrán náà wá hàn mí nílé kọfí.
Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran.
"Gbogbo ibi ni mo lu ihò sí," ó ní,
"àfi abẹ́ ẹsẹ̀ ara mi."

Láti ọjọ́ náà, bí aago márùn-ún bá ti lù,
kọ̀ǹpútà a wọ àpótí bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
pẹ̀lú bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ tó ti sọ èkejì rẹ̀ nù.
Tuure kọ́kọ́ bínú. Oníbàárà kan tiẹ̀ bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.
Owó tí wọ́n kà sí oṣù mẹ́jọ kò rí oṣù keje,
ló bá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀.
Ó ní ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà máa là.
Mo ti sún sídìí fèrèsé tó fi sílẹ̀;
owó oṣù mi ń wọlé, ẹ̀yìn ń ro mí,
wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé wọ́n máa dín wa kù.
Ilẹ̀ tí mo pè ní ilẹ̀, ta ló ti wọ̀n ọ́n wò?

Lánàá ó pè mí lọ sórí odò ní ìrọ̀lẹ́.
Eeli ló gbé ẹ̀rọ, Oiva ló mú rúlà.
Ẹ̀rọ ní mọ́kànlélógójì, rúlà ní ogójì,
bàbá ní rúlà lòun gbà gbọ́.
Lábẹ́ wa yìnyín ké, gbì, bí ilẹ̀kùn ńlá tó jìnnà.
Mo fò sẹ́yìn.
Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
"Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ò ṣe nǹkan," ni bàbá wí,
"èyí tó dákẹ́ ni kó o bẹ̀rù."
Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Mo dúró.
Mo ní kó yá mi ní rúlà.