Ó Ku Ṣílè Méjì

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní Òpópónà Bámgbóṣé
ni mo ti bá ìwé náà, ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀.
Ìwé ọjà Fẹlisíánù, bàbá tó bí bàbá mi,
tó ta pákó, ìṣó àti ẹfun ìkunlé
kí iná mànàmáná tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.
Lẹ́tà rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sá fún òjò.
“Tìámíyù, ìṣó páànù, ó ku sísì.”
“Ṣọ́ọ̀ṣì, pákó àga, wọn ò tíì san.”
Ṣọ́ọ̀ṣì ò san títí ìwé fi parí.
Mo rẹ́rìn-ín, eruku wọ̀ mí lọ́fun.

Àmọ́ ní gbogbo Sátidé:
“Raimúndà, ṣílè méjì.”
Kò sí pákó, kò sí ìṣó, kò sí ẹfun níbẹ̀.
Ṣílè méjì, odidi ọdún mẹ́fà.

Mo gbé fọ́tò ńlá ti pálọ̀ sọ̀kalẹ̀.
Bàbá jókòó, bàtà rẹ̀ ń dán,
ó ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Lápá òsì rẹ̀, wọ́n fi abẹ gé ẹnìkan kúrò.
Wọ́n gé e dáadáa, wọ́n gbàgbé ọwọ́:
ìka mẹ́rin lórí èjìká kóòtù dúdú,
òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀kan.

Mo bi Àǹtí Filomẹ́nà.
Ó ní, “Ẹja mi ń jóná,” ó dìde.
Kò sí ẹja lórí iná.

Ní itẹ́ òkú Ìkòyí, òkúta mábù Bàbá ṣì ń dán.
Ìyá àgbà sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
“Aya rẹ̀ kan ṣoṣo.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ.
Lẹ́yìn wọn, nínú koríko tó dé orúnkún,
símẹ́ǹtì pẹlẹbẹ kan, kò ju àwo oúnjẹ lọ.
Ẹni tó kọ ọ́ fi orí ìṣó kọ ọ́ kó tó le:
“R. Sùn re.”
Lẹ́tà náà ń tẹ̀ síwájú.
Òjò ò tíì bá a.

Mo padà sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn.
“Raimúndà, ó ku ṣílè méjì.”
Gbogbo èèyàn inú ìwé yẹn ló jẹ Bàbá,
òun nìkan ni Bàbá jẹ.
Ta ni kí n wá san án fún?

Mo gbé fọ́tò kọ́ padà.
Ó wọ́ sí apá òsì díẹ̀.
Àǹtí ní kí n tún un ṣe.
Mo ní mò ń bọ̀.