Òkúta Inú Agolo

Fèrè ló ń jí wa ní bárékè Díẹ́gò, kì í ṣe àkùkọ.
Kí fèrè tó dákẹ́, bàbá mi ti wọ bàtà tán,
ó ti di okùn rẹ̀ bí ẹni ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn:
Sájẹ́ǹtì Wọ́rú Ọdẹ́kúnlé, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́,
ọmọ-ogun Faransé létí òkun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Yàrá kan ni ilé wa, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún.
Ọmọ Bàḿbàrá lọ́tùn-ún, ọmọ Mọ̀ósí lósì.
A ń bá ara wa jà ní èdè márùn-ún,
a ń parí ìjà ní èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bí mo bá bi ìyá mi pé níbo ni ilé,
á fa agolo mílíìkì yọ lábẹ́ ibùsùn,
á mú òkúta kan jáde, kò tó ẹyin adìyẹ,
èyí tó ṣà lẹ́sẹ̀ òkè lọ́jọ́ tí rélùwéè gbé wọn lọ.
"Ilé rèé. Má jẹ́ kó bọ́."
Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbà pé
ilé ò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lè bò.

Nígbà tí wọ́n ní ká palẹ̀ mọ́, n ò sunkún.
A ti palẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta rí;
mo mọ bí a ṣe ń fi àwo sáàárín aṣọ.
Ọkọ̀ ojú omi, n ò ka ọjọ́ rẹ̀ tán.
Kùtọnù. Ọkọ̀ ojú irin. Eruku pupa lójú fèrèsé.
Lójijì ìyá mi dìde láàárín èrò,
ó na ọwọ́, kò lè sọ̀rọ̀.
Mo wo ọ̀kánkán: òkúta inú agolo wa
ló dàgbà dé ojú ọ̀run yẹn!

Ìyá bàbá mi jáde sẹ́nu ọ̀nà.
Gbogbo wọn ń retí kí n kúnlẹ̀.
Mo so gìgísẹ̀ pọ̀, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú orí,
bí wọ́n ti ń kí àgbà níbi tí mo ti wá.
Ẹ̀rín bú. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ mí ní Sójà Kékeré,
wọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí mò ń sọ ń rùn bí ọṣẹ òyìnbó.
Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó ti ọ̀pá rẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ó gbé ọ̀tún, ó kí mi padà,
bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe láràárọ̀ títí a fi sin ín.

Bàbá mi ò bọ̀ bó ṣe lọ.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti dúró láàárín àgbàlá,
á máa retí fèrè tí ẹnikẹ́ni kò ní í fọn.
Lóṣooṣù, á wọ ẹ̀wù oníbọ́tìnnì mẹ́fà,
á lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì;
lóṣooṣù, ìwé kan ṣì kù.

Ìyá mi mú òkúta náà lọ sẹ́sẹ̀ òkè kó lè dá a padà.
Ó pẹ́ kó tó dé. Agolo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ní òun ò rántí ibi tí òun ti ṣà á mọ́,
òun ò sì fẹ́ kó lọ sùn nílé onílé.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí.
Mo fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé.