Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́ wa ní Alágbàká, nílùú Àkúrẹ́,
Ìyáàfin Akíndùró kò mú ìwé kankan dání.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lò ní yunifásítì
kó tó fẹ̀yìn tì;
orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àtijọ́.
Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá ọ̀la, ẹ dìde.
Ẹ jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì."

Bẹ́ǹṣì kan, àwa méjìlá.
Oòrùn ń pa wá, ẹnikẹ́ni ò pè wá.
Moróyèdé bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn,
èmi ń ka alángbá tó ń gun ògiri.
Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣílẹ̀kùn:
"Báyìí ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe ń mọ̀ yín
kí ẹ tó lanu."

Ìgbà náà ló wá sọ ti Fágbohùn,
akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì,
tó máa ń pẹ́ dé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó ní òun kọ kúẹ́rì sí i,
ojú ewé méjì, Gẹ̀ẹ́sì tó le bí ẹ̀kùrọ́.
Ìlà kan péré ni Fágbohùn fi dáhùn:
"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń gbé ìyá mi
láti Ìdànrè wá gba abẹ́rẹ́."
Ìdànrè! Ọ̀nà tó wọ́ bí ejò láàrin àpáta.
"Ká ní mo ti fẹnu bi í ni,
ǹ bá má fi tàdáwà ṣòfò."

Ẹnì kan béèrè: ṣé ká kàn máa ṣàánú ni?
Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú.
Ó ní ọmọ ìjòyè kan wà, lẹ́tà ló fi wọlé,
kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì rí.
"Mo ń fojú fò ó, mo ń fojú fò ó,
títí ó fi ta máàkì ọmọ ọlọ́mọ.
Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé tó fi gbaṣẹ́.
Ó ṣì wà nínú fáìlì. Ìbuwọ́lùwé náà rẹwà gan-an."

Jẹnẹrétọ̀ kú. Kò sẹ́ni tó mira.

"Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú,
ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Ta ló wá ń kọ́ ẹni tó ń ránni?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn.
Nígbà tá a ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn:
ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì yẹn,
láti etí kan dé ìkejì,
bí ẹni pé àwọn kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.