Ilẹ̀ Tí Mo Fi Nọ́ńbà Tẹ́

Lẹ́yìn Lágere, nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò sínú korobá,
mo jókòó, mo ń tẹ́ ilẹ̀.
Wọ́n ní adìyẹ ló tan ilẹ̀ Ifẹ̀ yìí kó tó fẹ̀.
Èmi ò ní adìyẹ. Nọ́ńbà ni mo ní,
àti kọ̀ǹpútà àlòkù tí bátìrì rẹ̀ kì í dúró dalẹ́.

Mo ju àpótí kan láti òkè kí n fi dán ilẹ̀ mi wò.
Kò balẹ̀.
Ó la ilẹ̀ já bí ẹni ń la èéfín kọjá,
ó ń bọ́ lọ, ó ń bọ́ lọ, títí n kò fi rí i mọ́.

Kọ̀ǹpútà kì í ranjú mọ́ ayé.
Ó ń ṣẹ́jú ni: ó wò, ó ṣẹ́jú, ó tún wò.
Nígbà tó wò, àpótí wà lókè ilẹ̀;
nígbà tó tún wò, àpótí ti wà lábẹ́ rẹ̀.
Ta ló rí i níbi tó ti kọjá?
Àwọn tó pe àkókò ní ìṣẹ́jú mọ ohun tí wọ́n ń sọ.
Mo gé ìṣẹ́jú náà kúrú. Àpótí balẹ̀. Gbì.

Èmi kọ́ ni mo kọ òfin ìṣubú.
Ẹnì kan tí n kò mọ ojú rẹ̀ ló kọ ọ́,
bí nǹkan ṣe ń yí, bó ṣe ń ta, bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
Ó gbé e sí gbangba, kò fi àgádágodo sí i:
kànga ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ pọn nínú rẹ̀;
ẹni tó bá rí ewé lójú omi, kó bá wa yọ ọ́.

Mo wá gbé róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lé ilẹ̀ mi.
Ó ṣubú. Mo tún un ṣe. Ó ṣubú.
Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ṣubú nígbà ẹgbàajì,
eegun kan ò sì yẹ̀.
Àdìgún ọmọ onílé ní gémù ni, kí n jẹ́ kó gbá góòlù.
Ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé: “Kò tíì rìn?
Má kánjú. Àdìgún yìí náà, ọdún kan ààbọ̀ ló lò.”

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó rìn.
Ó rìn geere. Ó rìn jù.
Ilẹ̀ inú òfin náà gbẹ bí ilẹ̀ ilé ìwòsàn;
ẹni tó kọ ọ́ kò tíì gun Òkè Ìtasẹ̀ lẹ́yìn òjò.
Mo bu ẹrẹ̀ pupa, mo tẹ́ ẹ sórí pákó,
mo gbé bíríkì lé e, mo ń gbé orí pákó sókè díẹ̀díẹ̀
títí bíríkì fi yọ̀. Mo wọn bí pákó ṣe ga tó.
Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún. Àdìgún ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ẹni tí n kò mọ̀:
“Ẹrẹ̀ Ifẹ̀, lẹ́yìn òjò.”
Ó gbà á. Ó fi kún un.

Wọ́n ti mú iná lọ báyìí. Korobá ti kún.
Irin tí n ó fi ṣe ti gidi, owó rẹ̀ ò tíì sí.
Ṣùgbọ́n níbì kan tí n kò lè dé lónìí,
nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ kan, ti ẹlòmíràn, ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀ wa,
kò mọ ibi tí ẹrẹ̀ náà ti wá.
Pẹ̀lẹ́ o. Rọra.