Ọ̀pá Mi Lọ́wọ́ Ẹ̀wà

Oṣù Karùn-ún ni, òtútù kò tíì dágbére
ní Huddersfield, níbi tí gbogbo ọ̀nà ti ń gòkè.
Mo gbin hóró ẹ̀wà mẹ́sàn-án sínú ike wàrà,
mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná.
Mosúnmọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ń yọjú wò wọ́n láràárọ̀
bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò tí kò fẹ́ hó.

Ọjọ́ kẹjọ, hóró kan là.
Kì í ṣe ewé ló kọ́kọ́ jáde.
Gbòǹgbò ni, funfun bí eyín ọmọ tuntun,
ó dorí kodò, ó wọlẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.
“Bàbá Àgbà, ibi tó ń lọ ṣókùnkùn!”
Mo ní, jẹ́ kó lọ. Ẹni tó máa dúró pẹ́
a kọ́kọ́ wá ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́.
Ó ní irun lára tí ojú tèmi kò ká mọ́,
irun yẹn ló fi ń fa omi mu,
òun náà ló fi ń di erùpẹ̀ mú
bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di irun ìyá rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ni igi rẹ̀ yọ, ó tẹ ọrùn ba
bí ẹni tó ń gba abẹ́ àtẹ́rígbà kúkurú jáde.
Ó nàró tán, ó la ewé méjì,
àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń tọrọ oòrùn
lọ́wọ́ ojú ọ̀run tó háwọ́.

Ṣùgbọ́n inú ilé sọ wọ́n di gíga, kò sọ wọ́n di alágbára.
Wọ́n rí tín-ín-rín, ọrùn wọn ń mì.
Ọ̀gbẹ́ni Sykes, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà,
wò wọ́n, ó fun ikun, ó ní:
“Gbé wọn síta. Afẹ́fẹ́ ló ń kọ́ igi ní ìdúró.”
Èmi tí mo rò pé àánú ni fèrèsé.

A ri ọparun mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀, a so orí wọn pọ̀.
Mo rántí bàbá mi, bó ṣe ń ri igi fún iṣu ní Ìlá,
tó máa ń ní iṣu tí kò bá rí igi gùn,
ewé rẹ̀ ni yóò máa fi nu ilẹ̀.
Ẹ̀wà kò lọ́wọ́, kò ní èékánná.
Ara rẹ̀ lódindi ló fi ń gùn,
apá kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí sí.
Mosún tú ọ̀kan, ó lọ́ ọ sí apá kejì;
kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú
ó ti tú ara rẹ̀, ó ti padà sí tirẹ̀.
“Olóríkunkun,” ni Mosún wí. Inú rẹ̀ dùn.

Ìjì dé lóru Sátidé kan nínú oṣù Keje,
ó ṣẹ́ ọparun kan sí méjì.
Ẹ̀wà ibẹ̀ ṣubú tòun tòdòdó pupa,
ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò tú.
Omi ṣì ń lọ nínú igi tó dùbúlẹ̀ yẹn,
oúnjẹ tí ewé sè ṣì ń padà sísàlẹ̀.
Kò sí ọparun mìíràn nílẹ̀.
Mo wo ọ̀pá mi, onírin, èyí tí ọsibítù fún mi
nígbà tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún mi.
Mo fi gún ilẹ̀.
Mosún tú okùn bàtà rẹ̀ kan, ó fi so ẹ̀wà mọ́ ọn.

Ọ̀nà ilé gùn, ó sì ń dà gẹ̀rẹ́.
Mo gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ń lu ilẹ̀, pá, pá.
“Bàbá Àgbà, ẹ wúwo o.”
Mo ní, mo mọ̀. Rọra.