Páálí Fìríìjì

Òtútù Ulaanbaatar ń gé ni létí bí abẹ.
Solongo àti Tuguldur ru páálí fìríìjì
gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọlé.
Lẹ́tà àṣẹ ẹgbẹ́ híp-họ́p wà lápò mi;
ọ̀gá kan ò tíì buwọ́ lù ú.
Ẹ̀ṣọ́ kà á, ó tún un kà,
ó ní, "Bó bá di aago mẹ́sàn-án, màá paná."

Ilé oúnjẹ ni. Òórùn ọ̀rá àgùntàn ò tíì kúrò lára ògiri.
A ti àga sẹ́yìn, a tẹ́ páálí.
Ọmọ ọdún kìíní kan gba máìkì,
ó ń to ọ̀rọ̀ lé ìlù,
ó gbàgbé ìlà kẹta,
ló bá dárúkọ ìyá rẹ̀ dípò.
A hó yèè, àfi bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́.

Ó wá kan Solongo,
báńdéèjì lórúnkún,
fìlà òwú tí ìyá àgbà hun.
Ó forí sọlẹ̀, ẹsẹ̀ dòkè,
ó ń yí,
ó ń yí bí òkòtó
lórí ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ní lẹ́tà gbàgàdà:
MÁ DORÍ Ẹ̀ KODÒ.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá.
Ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ wà lára súìṣì,
ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.
Páálí ló ń kà.