Ìyá Bọ́ Kóòtù

Àwa márùn-ún la kó sọ́kọ̀ ní Winnipeg lówùúrọ̀ Sátidé:
kúlà kan, àga aláṣọ mẹ́ta, ìpara ẹ̀fọn,
àti Ìyá Àwẹ̀ró nínú kóòtù òtútù, nínú oṣù Keje.
"Oòrùn ilẹ̀ yín kò ṣeé fọkàn tán," ni wọ́n wí.
Wákàtí méjì, kò sí òkè, kò sí ọ̀gbun,
ilẹ̀ tẹ́ bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ fún àlejò,
òdòdó kánólà pọ́n bí ìyeyè
títí dé ibi tí sánmà ti kanlẹ̀.
Ìyá sùn. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti papò dà
oorun ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn.

Pápá ọ̀hún ń mí èéfín.
Àwọn arúgbó ń fi àkísà àti epo
ra ẹ̀rọ dúdú gìdìgbà lára bí ẹni ń ra ìkókó.
Bẹ́líìtì gígùn kan ń pa ṣáá, ṣáá,
ó ń yí ẹ̀rọ tó ń pa ọkà àlìkámà,
ìyàngbò ń fò, ó ń bà sí wa nírun.
Ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ń po áìsìkiriìmù.
Ìyìnọlá ní ẹyọ méjì lòun jẹ. Mo ka mẹ́rin.
Tèmíladé gbé fóònù sókè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri.
Ọkọ mi ń ṣàlàyé: "Omi á hó,
ooru á wá ọ̀nà àbáyọ,
a ó dí ọ̀nà mọ́ ọn, á fìbínú ti irin."
Ta ló bi í?

A gbé Ìyá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n tún sùn.
Oòrùn kò jí wọn. Ariwo kò jí wọn.
Òórùn ló jí wọn lójú oorun:
èédú tó ń jó, òróró gbígbóná, irin tó ń làágùn.
Wọ́n gbé imú sókè.
"Ta ló dé?"
Mo ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó dé."
Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan,
wọ́n bọ́ kóòtù.
Ẹ má bi mí léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n láti oṣù Kejìlá.

Bàbá Fírísìn ló ni ẹ̀rọ tó tóbi jù,
irùngbọ̀n funfun, ọwọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Kò gbọ́ èdè Ìyá, Ìyá kò gbọ́ tirẹ̀.
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu iná, wọ́n mi orí,
wọ́n nàka: iná ti fẹ́ kú lápá òsì.
Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́,
ó bu èédú ṣọ́bìrì kan sí òsì,
ó ṣí fìlà.

"Ta ló kọ́ yín?" lọkọ mi bi wọ́n.
Òun mọ̀ pé bàbá òun da èédú lójú irin
láti Ọ̀fà dé Jẹ́bà.
Kò mọ̀ pé àwọn méjì ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀ lálẹ́.
Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìgbà yẹn, wọn ò tíì san owó orí mi."

Wọ́n fi okùn fèrè lé wọn lọ́wọ́.
Wọn ò fà á gbọọrọ bí àwọn ọmọdé tó ṣáájú.
Kúkúrú. Kúkúrú. Gígùn kan.
Wọ́n dúró, wọ́n dẹtí
bí ẹni tó ń retí ìdáhùn lódìkejì afárá.
Ẹṣin kan sín lọ́ọ̀ọ́kán.
Tèmíladé ti fi fóònù sápò.

A ti rìn jìnnà kí n tó rántí kóòtù lábẹ́ igi.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀.
Ìyá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.
Mo panu mọ́.